Ṣé táímà lásán lè darí pọ́ǹpù adágún ìwẹ̀ tuntun yìí pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì omi gbígbóná orí òrùlé?

Baba Ilé-Àlejò (Alékùwódò) | Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Mo kí gbogbo yín o. Ilé àlejò kékeré oníyàrá 12 ni mo ń bójú tó ní Alékùwódò, a sì ní adágún ìwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí jíjìn rẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ibi tí kò jìn àti ibi tí ó jìn, jẹ́ mítà 1.4. Omi inú rẹ̀ tó lítà 70,000. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni àwọn ọmọdé máa ń wá kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, tẹmómítà ń fi hàn pé omi náà kò ju 24 °C lọ ní aago méje àárọ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, àwọn ìyá wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn padà sílé.

Pọ́ǹpù wa àtijọ́, tí kò mọ̀ ju eré kan ṣoṣo lọ, jóná ní oṣù tó kọjá. Mo fi ọ̀kan tí eré rẹ̀ ṣeé yí padà rọ́pò rẹ̀: 1.1 kW ni, eré rẹ̀ tó pọ̀ jù ni ìyípo 2,850 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìwé tí ó bá a wá sì sọ pé ó lè ti omi dé mítà 16 sókè nígbà tí ó bá ń sá eré àsápajúdé. Mo tún ra pánẹ́ẹ̀lì dúdú oníròbà mẹ́jọ tí omi ń gba inú wọn kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 3. Orí òrùlé ilé ìdáná ni a tò wọ́n sí, ibẹ̀ sì fi mítà 4.5 ga ju ojú omi lọ.

Ẹ̀rọ adarí tí ẹni tó ta pánẹ́ẹ̀lì fún mi fẹ́ kí n rà mọ́ ọn wọ́n ju agbára mi lọ. Ohun tí mo ní nílé ni táímà oníwákàtí 24, irú èyí tí a ń tẹ eyín kéékèèké rẹ̀ wọlé, tí ó máa ń já iná pọ́ǹpù àtijọ́ lálẹ́ tí ó sì ń dá a padà láàárọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé mo lè fi táímà yìí àti òmíràn bíi tirẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, kí pọ́ǹpù máa rọra yí ní òwúrọ̀, kí ó tẹra mọ́ eré nígbà tí oòrùn bá mú, kí fáàfù tí ń darí omi lọ sí òrùlé sì máa ṣí fúnra rẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun | Ọjọ́ Ajé, 8:32 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ta ni ń mú omi adágún gbóná ní Òṣogbo? Ní oṣù Kẹta, omi ọ̀dọ̀ wa máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dáná sí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, jẹnẹrétọ̀ ni n bá fi owó pánẹ́ẹ̀lì yẹn rà.

Baba Ilé-Àlejò | Ọjọ́ Ajé, 8:45 alẹ́

Oṣù Kẹta kọ́ ni mò ń sọ, àbúrò mi. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni, àti oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ tí oòrùn máa ń fara pamọ́, ẹ sì mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń kó àlejò kún yàrá wa. Pánẹ́ẹ̀lì ti wà lórí òrùlé ná. Bí a ó ṣe darí rẹ̀ ló kù.

Oníná Powerline | Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Baba, ẹ kú ìnáwó. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ yọ táímà yẹn kúrò lójú ọ̀nà iná tí ń bọ́ pọ́ǹpù tuntun náà, bí ó bá ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lọ́la. Pọ́ǹpù àtijọ́ kò ju mọ́tò lásán lọ, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é bí ẹ bá ń já iná rẹ̀ tí ẹ ń dá a padà. Nínú ti tuntun yìí, ẹ̀rọ kan wà tí ó kọ́kọ́ ń sọ iná 50 Hz wa di iná DC, tí ó ń kó o pamọ́ sínú kapásítọ̀, kí ó tó tún un ṣẹ́ sí ìwọ̀n tí mọ́tò nílò fún eré tí ẹ yàn. Ìgbàkígbà tí iná bá lọ tí ó sì dé, àwọn kapásítọ̀ yẹn máa ń gbé iná mì gbàgà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí NẸPA ń ṣe fún un ti tó. Bí táímà bá tún ń fi tirẹ̀ kún un lójoojúmọ́, ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà ni ẹ ń gé kúrú. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí iná wà lórí pọ́ǹpù nígbà gbogbo, kí ó jẹ́ àṣẹ nìkan ni táímà yóò máa pa fún un.

Ibo ni àṣẹ yẹn ń gbà wọlé? Ẹ pa iná, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wáyà ń gbà wọ inú pọ́ǹpù, ẹ ó rí àwọn ojú ìdè kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ọ̀kan fún dídúró, àwọn yòókù fún eré kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Àwọn ojú ìdè wọ̀nyí kò fẹ́ iná láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí pé pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ló ń fi fóòtì kékeré sí wọn. Kí wáyà méjì kan ara wọn ni gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí wọ́n bá kanra, eré náà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pínyà, ó parí. Nítorí náà, kọ́ńtáàtì tí kò ní iná kankan nínú ni kí ẹ so mọ́ wọn.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí mo fi ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé kan lápá Òkè-Fìà, níbi tí ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ti gbé 230 V láti ara táímà wọ inú ojú ìdè wọ̀nyí tààrà. Nígbà tí mo ṣí i, pátákó inú pọ́ǹpù náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Owó tí onílé fi ra pátákó mìíràn kù díẹ̀ kí ó ra odidi pọ́ǹpù.

Ọ̀rọ̀ táímà eléyín yín náà wà níbẹ̀. Iná ló ń yí aago rẹ̀. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, aago náà á dúró fún wákàtí mẹ́ta, bí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ tí ẹ tò á ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó mọ̀. (Ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà ní ìlú wa níbí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí iná má lọ ní Alékùwódò.) Táímà tí ń fi nọ́ńbà hàn, tí ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, ni kí ẹ rà, nítorí pé aago rẹ̀ kò ní dúró bí iná bá lọ.

Baba Ilé-Àlejò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣé púpọ̀, mo ti já a kúrò. Mo rí táímà oníbátìrì náà lọ́jà láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó tà á kò sì lè sọ fún mi èwo ni iná àti èwo ni kọ́ńtáàtì. Báwo ni n ó ṣe dá wọn mọ̀ tí n kò fi ní sọ pọ́ǹpù mi di ìdí ìkòkò?

Oníná Powerline | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ẹ wo àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni iná tí ń bọ́ táímà fúnra rẹ̀. Mẹ́ta tó kù ni kọ́ńtáàtì: ti àárín, èyí tí ó máa ń ṣí sílẹ̀ (kì í kan ti àárín títí àṣẹ yóò fi dé) àti èyí tí ó máa ń pa dé (ó ń kàn án títí àṣẹ yóò fi dé). Kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun, ẹ fi mítà tí àwa oníná fi ń yẹ wáyà wò (multimeter) wò ó láìfi iná sí i, bóyá ẹsẹ̀ iná kankan kan ẹsẹ̀ àárín yẹn láti inú, nítorí pé wọ́n ti dè wọ́n pọ̀ nínú àwọn kan láti ilé iṣẹ́. Bí mítà bá dún, ẹ má ṣe so ó mọ́ pọ́ǹpù. Relay kan, ìyẹn suíìṣì tí iná kékeré mìíràn ń tì, gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Ìyá Físíìsì (Ògo-Olúwa) | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 alẹ́

Oníná ti sọ ti iná tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wà. Físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, bí mo bá sì ní agbára rẹ̀, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ra irú pọ́ǹpù yìí mọ nǹkan mẹ́ta yìí lórí. Bí ẹ bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, omi tí ó ń gbé á dín kù sí ìdajì. Agbára tí ó fi ń ti omi sókè á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Iná tí ó ń jẹ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Pọ́ǹpù yín tí ń jẹ 1,100 W ní ìyípo 2,850 yẹ kí ó máa jẹ nǹkan bí 140 W ní ìyípo 1,425. Ẹ kà á sí 200 W, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ṣẹ́ iná yẹn ń jẹ díẹ̀ tirẹ̀, mọ́tò kì í sì já fáfá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń rọra yí.

Inú yín á ti máa dùn báyìí, ṣùgbọ́n ìkejì nínú mẹ́ta yẹn ń dúró dè yín lórí òrùlé. Mítà 16 tí ìwé pọ́ǹpù yín sọ yóò di mítà 4 péré ní ìdajì eré, òrùlé yín sì ga ní mítà 4.5. Omi kò ní dé ọ̀hún, bí pọ́ǹpù tilẹ̀ ń yí láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ìyípo 2,000, agbára ìtisókè náà jẹ́ nǹkan bí mítà 7.9, pẹ̀lú 380 W; ní ìyípo 2,200, ó jẹ́ mítà 9.5, pẹ̀lú 500 W tàbí díẹ̀ lé. Inú mítà wọ̀nyí náà ni asẹ́ oníyanrìn, gbogbo ìtẹ̀kọrọ̀ páìpù àti pánẹ́ẹ̀lì fúnra wọn yóò ti bù tiwọn kí ó tó kan gíga òrùlé. Òótọ́ ni pé bí páìpù bá ti kún tán, omi tí ń sọ̀kalẹ̀ padà máa ń bá èyí tí ń gòkè fà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2,200.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn lásán. Pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí nǹkan bí lítà 15 gba inú òun kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó túmọ̀ sí lítà 120 fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ibi tí omi ti ń padà bọ̀, ẹ ó ní kò gbóná, nítorí pé ìwọ̀n 2 tàbí 3 péré ni yóò fi ju omi inú adágún lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe yẹ kí ó rí. Bí ó bá ń jáde ní gbígbóná bí omi ẹ̀kọ, a jẹ́ pé omi ń pẹ́ jù lórí òrùlé, afẹ́fẹ́ sì ti ń jí ooru rẹ̀ kó lọ kí ó tó délẹ̀.

Olómi Ìgbọ̀nà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Ìyá mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gba ti eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fọ adágún ìwẹ̀ kiri ìlú yìí, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé pọ́ǹpù tí kò bá pariwo kì í fọ omi. Bí Baba bá ń fi 200 W yí i, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni omi á di aláwọ̀ ewé, èmi náà ni wọ́n á sì ké sí.

Ìyá Físíìsì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:38 alẹ́

Ọmọ mi, jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní pọ́ǹpù Baba ń gbé lítà 18,000 láàárín wákàtí kan ní eré àsápajúdé. Wákàtí mẹ́rin ni yóò fi gbé gbogbo omi adágún náà gba inú asẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan, yóò sì jẹ yúníìtì 4.4. Ní ìdajì eré, lítà 9,000 ni yóò máa gbé. Yóò gbà á ní wákàtí mẹ́jọ, yúníìtì 1.6 ni yóò sì jẹ. Omi kan náà ni, asẹ́ kan náà ni. Bí a bá fi 225 náírà ṣírò yúníìtì kan, iye tí wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, 990 náírà ni tàkọ́kọ́, 360 náírà sì ni tìkejì. Yanrìn inú asẹ́ pàápàá máa ń mú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ dáadáa jù nígbà tí omi bá ń rọra kọjá, nítorí pé omi tó ń sáré máa ń ti ìdọ̀tí náà la yanrìn kọjá ni.

Olómi Ìgbọ̀nà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:01 alẹ́

Ó dáa, mo gbà fún yín ní ti asẹ́. Ṣùgbọ́n ewé máńgòrò tó já sójú omi kò mọ ìṣirò o. Eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í fà á wọ inú agbọ̀n etí adágún, ó máa rì sísàlẹ̀ ni. Kí Baba fi eré ìkẹta, èyí tó yára jù, sílẹ̀ fún wákàtí kan ní àárọ̀ kí àlejò tó jí, kí ó sì tún wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ fa ìdọ̀tí ilẹ̀ adágún. Kí wọ́n sì rántí pé oòrùn tí wọ́n ń wá yìí náà ló ń pa kilorínì. Alẹ́ ni kí wọ́n máa da kilorínì sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí cyanuric acid inú omi, èyí tí ń gba kilorínì lọ́wọ́ oòrùn, wà láàárín mílígíráàmù 30 sí 50 nínú lítà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tí wọ́n dà láàárọ̀ á ti tán lọ́sàn-án.

Oníná Powerline | Ọjọ́rú, 6:20 alẹ́

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ yìí la wá kàn báyìí. Táímà mọ aago, kò mọ ojú ọjọ́. Bí ẹ bá tò ó pé kí fáàfù ṣí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí bákan náà ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ látàárọ̀, á sì máa kó omi adágún lọ sábẹ́ òjò àti atẹ́gùn kí ó lọ tutù sí i. Pánẹ́ẹ̀lì tí kò ní dígí lórí máa ń mú omi tutù dáadáa ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ adarí olówó ńlá yẹn ní ojú méjì, ọ̀kan lórí òrùlé, èkejì nínú páìpù kí omi tó kan asẹ́. Ó ń fi ooru àwọn méjèèjì wéra, ìgbà tí òrùlé bá sì gbóná ju omi lọ nìkan ni yóò ṣí fáàfù.

A lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ suíìṣì ooru kékeré kan tí wọ́n ń pè ní KSD301, tí kò tóbi ju bọ́tìnì aṣọ òtútù lọ. Ẹ béèrè fún irú èyí tí ó máa ń ṣí sílẹ̀ (tí ó ń já iná) nígbà tí ó bá tutù, tí ó ń pa dé (tí ó ń jẹ́ kí iná kọjá) nígbà tí ó bá gbóná dé 45 °C. Wọ́n tún ń ta òdìkejì rẹ̀, ojú wọn sì jọra, nítorí náà ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ ni èmi náà sì ti kọ́kọ́ kùnà nígbà tí mo ṣe irú rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pánẹ́ẹ̀lì. Oòrùn mú, pánẹ́ẹ̀lì gbóná, suíìṣì pa dé, fáàfù ṣí, omi tútù wọlé, pánẹ́ẹ̀lì tutù sí 30 °C, suíìṣì ṣí, fáàfù pa dé, pánẹ́ẹ̀lì tún gbóná. Láàárín wákàtí kan, fáàfù ti lọ ó ti bọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, pọ́ǹpù sì ń pariwo ó ń dákẹ́ bí ọmọ tó ń sunkún oúnjẹ. Níkẹyìn ló yé mi pé oòrùn ni mo fẹ́ kí suíìṣì náà mọ̀, kì í ṣe omi. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ kékeré kan, ẹ kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ẹ lẹ suíìṣì náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì dè é sí ẹ̀gbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, kí ó kọjú sí ibi tí wọ́n kọjú sí, ṣùgbọ́n kí ó má kàn wọ́n rárá. Nínú oòrùn, irin dúdú yẹn á gbóná kọjá 45 °C kíákíá. Bí ìkùukùu bá bò ó fún ìgbà pípẹ́ tàbí bí òjò bá dé, á tutù, suíìṣì á sì ṣí.

Bí ẹ ó ṣe so wọ́n rèé. Láti ara ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fúnni ní iná 12 V, wáyà kan á kọ́kọ́ gba inú kọ́ńtáàtì táímà, á gba inú suíìṣì ooru, á gba inú suíìṣì ọwọ́ kan tí ẹ ó gbé sára ògiri, kí ó tó dé relay. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta bá kọ̀, relay kò ní dìde. Kí relay náà jẹ́ oníkọ́ńtáàtì méjì: ọ̀kan á pa ojú ìdè eré ìkejì pọ́ǹpù (ti òrùlé) pọ̀, èkejì á gbé 24 V lọ fún mọ́tò fáàfù. Táímà kejì ni yóò máa di eré kìíní (eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́) mú. Ẹ wo ìwé pọ́ǹpù yín dáadáa kí ẹ mọ èyí tí yóò borí bí ojú ìdè méjì bá kanra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá jẹ́ eré tó ga ni yóò borí, ẹ gba wáyà eré kìíní kọjá lára ẹsẹ̀ relay tí ó máa ń pa dé, kí ó lè já nígbà tí ti òrùlé bá wọlé.

Ẹ má sì gbàgbé wáyà ilẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń já iná bí ó bá jò, irú ti 30 mA. Ibi tí omi àti ọmọdé bá wà, kò sí àwáwí lórí èyí.

Baba Ilé-Àlejò | Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọjọ́ 16, 8:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ti wà lójú iṣẹ́, ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Oníná, nítorí pé irin dúdú yẹn ń ṣiṣẹ́ bí àgbà. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bolẹ̀ láti àárọ̀, fáàfù kò ṣí títí di aago kan ọ̀sán tí oòrùn yọjú.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún Ìyá Físíìsì. Mo rò pé 2,200 ti pọ̀ jù, mo sì tò ó sí 2,000 kí n lè dín owó iná kù. Omi dé òrùlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ihò tí omi ti ń padà wọ adágún ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ń yọ níbẹ̀ ṣáá. Nígbà tí mo gbé e sí 2,200, ó dáwọ́ dúró. Ohun tí kò yé mi ni pé láti ìjẹta, híhó náà ti tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìyá Físíìsì | Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Fáàfù kékeré tí ń gba afẹ́fẹ́ wà ní òkè pánẹ́ẹ̀lì yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó ṣí nígbà tí omi bá dáwọ́ dúró, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí pánẹ́ẹ̀lì lè gbẹ padà sínú adágún. Omi tí ń sọ̀kalẹ̀ ló ń fà á. Bí ohun tí pọ́ǹpù ń tì kò bá lágbára ju ohun tí ìsọ̀kalẹ̀ ń fà lọ, fáàfù náà á ṣí lásìkò tí kò yẹ, á sì máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ omi. Èyí ló ṣe yín ní 2,000. Ní ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ẹ lọ wo gééjì orí asẹ́: mo fura pé ó ti ga ju bí ó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Yanrìn ti dọ̀tí, ó ń bù jẹ nínú mítà 9.5 yín, èyí tó kù kò sì tó òrùlé mọ́. Ẹ yí omi sẹ́yìn la asẹ́ kọjá kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má gbé eré sókè.

Ṣé fáàfù aládàáṣe tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn wà láàárín asẹ́ àti páìpù òrùlé? Bí kò bá sí, omi tí ń gbẹ láti òrùlé á gba inú asẹ́ padà, á sì tú ìdọ̀tí inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ iye tí ẹ lè retí, kí ẹ má baà dá pánẹ́ẹ̀lì lẹ́bi. Láti mú lítà 70,000 gbóná fún ìwọ̀n 1 péré, ooru tó yúníìtì 81 ni ẹ nílò. Mítà onígun mẹ́rin 24 tí ẹ ní, bí oòrùn bá fún mítà kọ̀ọ̀kan ní yúníìtì 4.5 lójúmọ́ tí pánẹ́ẹ̀lì sì mú ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀, á kó nǹkan bí 65 wá. Ìyẹn kò tó ìwọ̀n 1 lójúmọ́, kí a tó yọ èyí tí alẹ́ ń gbà padà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó sì ń lá omi adágún bí ẹni ń lá oyin, omi tí ń gbẹ lọ yìí ló sì ń kó ooru lọ jù. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú omi lálẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe ìyẹn, ẹ yáa pa pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi owó iná jẹun.

Baba Ilé-Àlejò | Ọjọ́ Ajé, 7:25 alẹ́

Gééjì ni lóòótọ́, Ìyá. Mo fọ asẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé, híhó náà sì tán kí n tó nu ọwọ́ mi. Fáàfù aládàáṣe náà wà níbẹ̀. Púlọ́ńbà ti fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ra ọ̀rá bo omi ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, ìgbà yẹn ni mo sì tó rí ìyàtọ̀. Tẹmómítà ka 27 °C ní aago méje àárọ̀ Sátidé yìí. Bí mo ṣe tò ó nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: eré ìkẹta láti aago márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, eré kìíní ní 1,425 láti ibẹ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, eré ìkejì ní 2,200 nígbàkígbà tí oòrùn bá gbà láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin. Nígbà tí iná bá lọ lọ́sàn-án, ínfátà wa ń gbé e láìkérora, nítorí pé pọ́ǹpù náà kì í ta gìrì bẹ̀rẹ̀ bíi ti àtijọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun | Ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Mo gbà, mo ti ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹta bá dé ńkọ́, tí omi fúnra rẹ̀ bá ti gbóná jù?

Oníná Powerline | Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Suíìṣì ọwọ́ ara ògiri yẹn ni kí Baba pa, pánẹ́ẹ̀lì á sì sinmi. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó tilẹ̀ mú omi tutù, kí wọ́n fi oníbi mẹ́ta rọ́pò suíìṣì ọwọ́ náà: ibi kan fún gbígbóná gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà báyìí, àárín fún pípa, ibi kẹta tí yóò yẹ suíìṣì ooru sílẹ̀ pátápátá tí yóò sì gba àṣẹ láti ara táímà kẹta nìkan, láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí. Lábẹ́ ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, pánẹ́ẹ̀lì kan náà á máa tú ooru omi dànù sí òkè. Wọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bo omi ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ o, kí wọ́n sì jẹ́ kí eré náà wà ní 2,200, nítorí pé òrùlé kò kúrú sí i lóru.

Baba Ilé-Àlejò | Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. N ó wá suíìṣì oníbi mẹ́ta yẹn kí oṣù Kejì tó parí.